Díìsìkì Ọ̀gá

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni n'Iléṣà ra kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó gbé e wá kìlọ̀ fún gbogbo wa pé, "Ẹ má ti díìsìkì ìta bọ̀ ọ́ o. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ba iṣẹ́ inú ẹ̀rọ jẹ́ lè bá a wọlé."

Ọ̀gá ilé ìwé wa kò kà á sí. Ó mú díìsìkì tirẹ̀ ti Òṣogbo bọ̀, ó tì í bọ kọ̀ǹpútà náà lójú wa, ó fi tẹ ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ìbéèrè ìdánwò tí akọ̀wé wa ti tẹ̀ ti pa rẹ́. Ọ̀gá pe ìpàdé, ó ní akọ̀wé ló ba ẹ̀rọ jẹ́, kó máa lọ sílé. Obìnrin náà bú sẹ́kún.

Inú bí mi gan-an. Mo dìde.

"Ọ̀gá, díìsìkì yín ni! Ìṣojú wa lẹ ṣe tì í bọ̀ ọ́."

Ó wolẹ̀. Ó dá akọ̀wé padà sẹ́nu iṣẹ́, obìnrin náà sì tún gbogbo ìbéèrè náà tẹ̀. Ṣùgbọ́n títí ọ̀gá fi fẹ̀yìn tì, ẹnu tó fi fẹ̀sùn kàn án lójú gbogbo wa kò sọ "Má bínú" fún un. Inú ṣì ń bí mi.