Màmá Tó Sọ Oje Wa ní Afọ́lé

Ó dìgbà o, Màmá mi! Ta ni yóò máa bi mí ní ìbéèrè báyìí kí n tó bọ́ bàtà? Ilé ti dákẹ́ jù. Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété, tí wọ́n pọ̀n láti Gánà wá sí ìlú Bouaké níbí, nílẹ̀ elédè Faransé, tí ẹ fi dẹ̀gẹ̀, wàrà kíkan tí a pò mọ́ jéró, tọ́ gbogbo wa yanjú. Kí oníbàárà tó gba síbí lọ́wọ́ yín, ẹ ó ti béèrè ìdí tí iṣu ìlú Djébonoua fi tóbi lọ́dún yìí. Ẹ máa ń ní, "Abèèrè kì í ṣìnà." Èmi a ní, "Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lọ́nà, Màmá." Ẹ ó bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní labo, iyàrá ìwádìí yunifásítì, mo sọ fún yín pé a ń wá ohun tí yóò pa kòkòrò tó ń ba wàrà jẹ́, àti pé lára kòkòrò mìíràn tó ń pa á la ti ń rí i. Èdè wa kò ràn mí lọ́wọ́: kòkòrò ni bakitéríà, kòkòrò ni fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò náà ni tanpẹ́pẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ìdùnnú ròyìn lọ́jà pé ọmọ yín ń da kòkòrò sínú wàrà. Háà! Kò sẹ́ni tó fẹnu kan dẹ̀gẹ̀ Anago mọ́, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí. Ó dùn yín wọra, torí orúkọ ìmọ́tótó tí ẹ fi gbogbo ayé yín kó jọ ló bàjẹ́ yẹn.

Ẹlòmíràn ìbá bá mi jà. Ẹ̀yin gun alùpùpù wá bá mi ní labo, ẹ ń béèrè. Mo ní fáírọ́ọ̀sì ń wọnú bakitéríà bí olè, ó ń bí sí i níbẹ̀, bó bá sì fẹ́ jáde, á tu oje kan tó ń fọ́ ògiri. Oje yẹn nìkan la ń lò. Ẹ ronú díẹ̀, ẹ ní, "Ìyẹn ni pé ẹ ò mú olè wálé. Irin tó fi ń fọ́lé lẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ pè é ní Afọ́lé!" Títí di òní, àwọn ọ̀gá mi tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, Afọ́lé ni wọ́n ń pè é. Ẹ padà sọ́jà, ẹ fi Júlà, èdè ọjà ibí, ṣàlàyé olè àti irin, ẹ ní a kò tíì fi kan wàrà títà. Àwọn oníbàárà padà díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù tí n kò lè dáhùn. Kòkòrò rere náà wà, òun ló ń mú kí wàrà di kíkan. Ẹ wá ní, "Afọ́lé yín yìí, ṣé ó mọ ilé ẹni ire yàtọ̀ sí ti ẹni ibi? Bó bá fọ́ gbogbo ẹ̀, kí ni yóò mú dẹ̀gẹ̀ mi kan?" Lórí ibùsùn àìsàn pàápàá, kí ẹ tó dáhùn ìkíni mi, ẹ ó béèrè wàrà tí a fi Afọ́lé sí, "Ó ti kan?" Èmi a ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá."

Ẹ kò dúró. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an. Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán, mo fi ẹkún padà sí labo, mo ṣí ìgò wàrà tí a fi Afọ́lé sí. Kòkòrò burúkú ti kú. Mo gbé ìgò náà símú, òórùn kíkan ìdí igbá dẹ̀gẹ̀ yín ni mo gbọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń da ìbéèrè bo àwọn ará ọ̀run. Ẹ sinmi ná, kí ẹ gba èsì tiyín. Ó kan, Màmá. Ẹ sùn re o.