Bàálù Tọ́kùnbọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ná ní Akra

Àkùkọ kò tíì kọ n'Ìbàdàn tí Ẹ̀gbọ́n Lásún fi ń fọn fèrè mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà mi. Akra là ń lọ, ó fẹ́ ra bàálù kékeré, tọ́kùnbọ̀ oníjókòó mẹ́rin. Ìyá wa ló ní òun ò ní gba títì lọ Àbújá mọ́ láé, ẹ̀gbọ́n mi sì ṣèlérí pé òfurufú ni wọn yóò máa gbà. Mọ́tò tọ́kùnbọ̀ ló ń tà. Bí ẹ bá pe ọjà ní ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta ni yóò ná an.

A gba Sẹ̀mẹ̀, a la Kútọnu àti Lómè kọjá, a sì sùn sílé Ìyá Ràmátù ní Sabon Zongo, ládùúgbò kan ní Akra, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí síbẹ̀. Láàárọ̀, a ra wáàkyè, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, wọ́n pè é ní ogún sídì, owó Gánà. Ẹ̀gbọ́n mi ná an ní mẹ́wàá. Olóúnjẹ bu ìdajì sínú ewé fún un.

Ìyá Ràmátù bá wa lọ sí pápákọ̀ òfurufú láti ṣe ògbufọ̀ wa. Níbẹ̀, Ọ̀gá Kọ̀fí, awakọ̀ òfurufú tó ti fẹ̀yìn tì, fi bàálù rẹ̀ hàn wá, ó funfun báláú. Ẹ̀gbọ́n mi ta táyà rẹ̀ nípàá, bó ti máa ń ṣe sí mọ́tò. Ọ̀gá Kọ̀fí ní ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọgbọ̀n, ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń rọra lọ kí wọ́n lè pè é padà.

Wọ́n pè é. Ọ̀gá Kọ̀fí ti gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sójú kan. Ọlọ́jà wo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan?

“Ìyá, ẹ bi í, kí ló dé tó tètè gbà?”

Ìyá Ràmátù bi í ní èdè Twi. “Ó ní ẹ́ńjìnnì yìí ti gbó. Nínú ọgọ́ta yẹn lòun fẹ́ ti tún un ṣe. Tó bá jẹ́ ọgbọ̀n, bó ṣe wà yìí lẹ máa gbé e.”

“Ṣé ó ń fò?”

“Ó ní ó ń fò paa, àmọ́ òun fúnra òun ò ní wọ̀ ọ́.”

“Kò burú. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ọ̀nà…”

“Ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ tì í lójú sánmọ̀?” ni mo bi í. “Ṣé Màámi?” Mo fi ṣeré, àmọ́ ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí Ìyá Ràmátù. “Ẹ sọ fún un pé mo gba ọgọ́ta. Kó tún un ṣe, kí mẹkáníìkì tí mo bá mú wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí n tó sanwó.”

Mo kọ́gbọ́n lọ́nà Akra: owó tí a bá yọ lórí ọjà míì, inú ọjà náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

A délé. Ìyá wa ní, “Lásún, èló lo ná an?”

“Iye tó pè é náà ni mo gbà, Màámi.”

Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níwájú orí, wọ́n sì ní kí n sáré lọ ra oògùn ibà wá.