Kápẹ́ẹ̀tì Tí Wọn Kì Í Jẹ́ Kó Gbẹ

Òórùn kápẹ́ẹ̀tì tutù kò jìnnà sí ti àgbò tí òjò pa. Òun ni mo máa ń fà símú láràárọ̀ nínú ilé iṣẹ́ ìjọba alájà mẹ́ta kan ní Ṣàgámù, nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba ìjọba, tí ìwé ẹ̀rí mi kò rí iṣẹ́ mìíràn fún mi ju kí n máa fọ kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì káàkiri. N kò kórìíra iṣẹ́ náà, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rọ wa a máa tú omi ọṣẹ gbígbóná sínú kápẹ́ẹ̀tì, á sì tún fà á padà sínú garawa rẹ̀, dúdú bí omi aró. Ìdọ̀tí inú garawa yẹn ni a fi ń mọ̀ pé a ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó fẹ́ la ọ̀nà gba inú oko obì gbàǹja àwọn ará Akaka kọjá, àwọn àgbẹ̀ náà sì ń wá bẹ̀ ẹ́ pé kó yà á gba ẹ̀gbẹ́ oko, níbi tí kò sí ju koríko lọ. Bí wọ́n bá ti yọjú, akọ̀wé rẹ̀ á pè mí pé kápẹ́ẹ̀tì ọ̀gá ti dọ̀tí. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, á kọjú sí wọn: "Ẹ má bínú, ilẹ̀ tutù. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá àgbà tó ṣáájú wọn bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé kápẹ́ẹ̀tì yín máa ń tọ̀ sílé ni?"

Àwọn ará rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí garawa wà níwájú mi: omi tí ẹ̀rọ fà padà mọ́ gaara. Ọ̀gá náà jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kí omi má baà kàn án. Ìgbà náà ló yé mi pé èmi ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn.

Mo pa ẹ̀rọ. "Ìyá, ẹ máa wọlé. Omi lásán ni."

"Wọn ò ní lé ẹ níṣẹ́, ọmọ mi?"

"Ẹ ṣáà wọlé, mà."

Ó tẹ omi náà wá síwájú tábìlì, ìdí ìró rẹ̀ ti rin. Ọ̀gá náà kò tilẹ̀ bínú. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló wò.

"Màmá, ẹ ti pẹ́. Katapílà ti wọ oko yín láti àárọ̀."

Ìyá náà ní, "Àárọ̀ tí a ti wà níbí?"



Wọ́n lé mi lọ́jọ́ náà. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ni pé ọṣẹ àti omi ni wọ́n fi pa oko àwọn èèyàn wọ̀nyẹn run, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ àti "ẹ má bínú". Títí di òní, bí mo bá dé ọ́fíìsì tí wọ́n ní, "Ẹ dúró díẹ̀, sà," n kì í lè jókòó. Ṣe ni mo máa ń rìn síwá sẹ́yìn, tí mo ń bi ara mi pé: kí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ níbòmíràn, bí mo ti dúró yìí?