Bí Oorun Ṣe Padà Sójú Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ohun tó ṣọ̀wọ́n jù nínú ilé wa ní Hyattsville ni oorun bàbá mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí òbí yín ṣiṣẹ́ òru ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Bàbá mi ń ṣọ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan láti alẹ́ di àárọ̀. Bó bá dé, ó yẹ kó sùn. Kò ní sùn. Yóò yí sọ́tùn-ún, yóò yí sósì, yóò sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru èmi àti Kàmọ́rù àbúrò mi. Ìyá mi fi aṣọ ìnura wé tẹlifóònù kó má baà dún. Lásìkò ìsinmi ìgbà ooru, bí olè là ń rìn nínú ilé. Tẹ́ǹ-tẹ́ǹ pàápàá, a ò pàtẹ́wọ́ sí i mọ́. A kàn ń fò, a ń na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tí èèrà ń jẹ. Síbẹ̀, bí ṣíbí kan bá jábọ́ báyìí, a ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá: "Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ká ọwọ́ sókè." A ó kúnlẹ̀, òun náà á wá jókòó tì wá, á máa wo tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ náà kò pa wá lẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ tó ń fi mọ́tò gbé wa lọ sọ́jà ní Temple Hills. Iná pupa dá wa dúró. Mo wojú bàbá mi, ó ti sùn lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí bíréèkì, mọ́tò náà sì ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi forí gún igi létí ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó fara pa. Nígbà tí ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé, Kàmọ́rù sọ fún un.

"Bàbá Rìsí," ni ìyá mi wí, kò pariwo, "àwọn ọmọ méjì yìí náà ni mo ní."

"Mo mọ̀," ni bàbá mi dáhùn.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni òun àti ìyá mi lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Nìṣá, ará Íńdíà tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa. Bàbá obìnrin yìí ń fi ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ wọn wo aláìsàn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ayurveda ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ìyá mi kò rí i pè. Ó sọ ọ́ di Ayọ̀fẹ́dé. Ìyá Nìṣá di ọrùn ọwọ́ bàbá mi mú fún ìgbà pípẹ́. Ó bi í ní ohun tó ń jẹ, ìgbà tó ń jẹ ẹ́, àti ohun tó máa ń rí bó bá dijú. Bàbá mi ní òun ò rí nǹkan kan.

Ìyá Nìṣá ní nǹkan mẹ́ta ló ń darí ara: afẹ́fẹ́, iná, àti omi tó pò mọ́ ilẹ̀. Kọfí, oúnjẹ tútù tí a dúró jẹ àti èrò tí kò jókòó ti sọ afẹ́fẹ́ di púpọ̀ nínú ara bàbá mi, oorun ò sì rí ibi bà lé.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lásán lọkùnrin yìí," ni ìyá mi fi Yorùbá sọ.

Ni òfin bá dé. Kò sí kọfí mọ́ lẹ́yìn ọ̀gànjọ́. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀ tó rọ̀, láìsí ata, ni yóò jókòó jẹ. Yóò mu wàrà gbígbóná tí a rẹ́ nọ́tímẹ́ẹ̀gì sí.

"Nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí ẹ ń fi sí pọfupọ́fù?" ni bàbá mi bi ìyá mi. "Oúnjẹ tí kò láta, ṣé aláìsàn ni mí?"

"Ẹni tó ń sùn nídìí ìwakọ̀, kí lẹ fẹ́ ká pè é?"

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi òróró yánmọtí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pa á ní àtẹ́lẹsẹ̀ láràárọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn le bí èèpo àgbọn. Omi àlùwàlá kò dúró lórí rẹ̀ mọ́, àfi bí ewé kókò. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àgbàlagbà kan ní mọ́ṣáláṣí bi í bóyá inú agbada àkàrà ló ti ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, kò sí nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kejì, mò ń pa á lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mi ò sì bi í ní nǹkan kan. Ó ní bí òun bá dijú, ìyá òun lòun ń rí, ní Ìsẹ́yìn, níbi tó ti ń rànwú. Ọdún tí òun dé Amẹ́ríkà ló kú. Òun ò tíì ní ìwé tí òun lè fi lọ kí òun sì padà wọlé. Wọ́n ti sin ín kí lẹ́tà tó dé.

"Rìsí, òrí ni ìyá mi fi máa ń pa wá lẹ́sẹ̀ báyìí nígbà ọyẹ́. Ó máa ń..."

Mo dúró de ìyókù. Mo rò pé ó ń sunkún ni, mi ò sì fẹ́ gbójú sókè wò ó. Ìgbà tí mo wò ó, bàbá mi ń hanrun.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ wàásù. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ, kò bìkítà. Bàbá mi sùn títí di ọ̀sán gangan, ó sì jí, ó ń bi wá bóyá òní ni àbí ọ̀la. Ìyá mi ní wàrà ló ṣe é, Ìyá Nìṣá ní òróró ni. Bàbá mi ní tòun, ọwọ́ mi ló tu òun lára.

Lónìí, èmi náà ń ṣiṣẹ́ òru, mo sì ń fi ọ̀sán sùn nílé mi ní Oxon Hill. Aṣọ fèrèsé mi dúdú kirikiri. Fóònù mi ń ka wákàtí tí mo sùn fún mi. Àwọn ọmọ mi wà nínú yàrá, kálukú ti ki ohun ìgbọ́rin bọ etí, n kì í bá wọn wí. Ilé wa dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, gbogbo wa la jọ ń ṣiṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn nítorí ẹnì kan. Ti òde òní kàn wà bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ṣe é fún ẹnikẹ́ni.