Bí Túndé Ṣe Dọ̀bálẹ̀ Títí A Fi Ka Ìtàn Òbúkọ Tán

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú èmi àti ìdílé mi rí ní Durumi lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ wo àbúrò mi dáadáa bí ẹ bá pàdé rẹ̀. Ó ṣì ń tiro díẹ̀.

Túndé ni orúkọ àbúrò mi yìí. Bàbá wa ti ṣaláìsí, ìyá wa náà ti lọ, èmi sì ni àkọ́bí. Nítorí náà, tí Túndé bá fẹ́ gbéyàwó, èmi ni ìyá, èmi ni bàbá. Ẹ bi mí bóyá mo ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó! Ìgbà tó wá mú Yẹmisí wá sílé mi ní Lokogoma, ọmọ Kàbà, ọmọ tó mọ̀wàá hù, tí òun àti Túndé ń wo ara wọn bíi pé kò sí ẹlòmíì nínú ilé, mo jó yí fíríìjì mi ká.

N kò tíì mọ Dádì Yẹmisí nígbà yẹn.

Yẹmisí fúnra rẹ̀ ló wá kìlọ̀ fún mi. Ó jókòó sétí àga, ó ń fi ìka lọ́ etí aṣọ rẹ̀. Ó ní Àǹtí, ẹ má bínú o, bàbá òun ní nǹkan kan tó máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìdílé tó bá wá tọrọ ọmọ òun. Mo ní kí ni? Ṣé genotype ni? Àbí ìjọ tí à ń lọ? Ó ní rárá o. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ ka ìtàn àwọn Òbúkọ.

Mo ní àwọn kín ni?

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Nígbà tí bàbá yìí wà lọ́dọ̀ọ́, ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti ń gé èèyàn létí. Yunifásítì rẹ̀ ní ẹgbẹ́ básíkẹ́tì ọkùnrin, Òbúkọ ni wọ́n ń pe ara wọn. Bàbá ò gbá bọ́ọ̀lù o! Òun ló ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní táwẹ̀lì tí wọ́n fi ń nu òógùn. Yunifásítì wọn àti àwọn mìíràn tó wà lágbègbè náà para pọ̀ di ohun tí wọ́n ń pè ní kọ́nfáráǹsì. Wọ́n á máa bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìgbà òtútù. Tó bá parí, gbogbo wọn á kó lọ sí ìlú kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìdíje mìíràn lákọ̀tun. Ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó máa lọ sílé. Ẹni tó bá borí gbogbo wọn ló máa gba tíkẹ́ẹ̀tì sí ìdíje ńlá ti gbogbo Amẹ́ríkà nínú oṣù kẹta.

Òbúkọ kò gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn rí. Rí o! Láti ìgbà tí wọ́n ti dá kọ́nfáráǹsì náà sílẹ̀.

Ìtàn ìdíje yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni Dádì fẹ́ kí àna òun mọ̀. Yẹmisí ní ìdílé kan ti wá láti Bwari ṣáájú wa. Wọ́n rò pé àwàdà ni, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Dádì sìn wọ́n dé gate, ó ní ó dàárọ̀. Ọ̀sán gangan ni!

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí mo bá ṣe èyí bàjẹ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún Túndé? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nìyẹn, Yẹmisí ni tíṣà mi. Wọn kì í fi nọ́ńbà pe ọdún nílé wọn. Orúkọ ni ọdún kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, bí àwọn baba ńlá wa ti máa ń ṣe. Ọdún Yìnyín: bọ́ọ̀sì wọn rì sínú yìnyín lọ́nà, ìgbà tí wọ́n fi débẹ̀, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti paná. Ọdún Ṣòkòtò: kóòṣì wọn fò sókè láti bá rẹfirí jà, ṣòkòtò rẹ̀ ya láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọdún Oorun: ẹni tó ga jù nínú wọn sùn gbàgbé ara rẹ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì. Ọdún Bọ́ọ̀lù Há wá ni baba gbogbo wọn. Lọ́dún náà, wọ́n dé àṣekágbá, ó ku bíńtín kí wọ́n borí, wọ́n ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, bọ́ọ̀lù náà lọ há sáàárín irin àti pátákó. Kò wọlé, kò jábọ́. Ó kàn jókòó síbẹ̀ títí agogo fi dún!

Mo ń kà á nínú ọkọ̀ bí mo ṣe ń lọ sí Sẹkitéríàtì. Mo ń kà á lọ́fíìsì. Ọ̀gá mi rí ètè mi tó ń mì, ó ní Madam, ẹ rántí mi nínú àdúrà yẹn o. Mo ní àmín, sà.

Bàbá Adó, àbúrò bàbá wa, wọkọ̀ wá láti Adó-Èkìtì. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní ṣé ìdílé ọba làwọn Òbúkọ yìí ni? Mo ní rárá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Wọ́n ní kò burú, ilé gbogbo ló ní tirẹ̀.

Ọjọ́ wá pé. A dé ilé wọn ní Durumi. Àwa ní "Ẹ kú ilé o," àwọn ní "Òkun o," bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ní Kàbà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí lára ògiri pálọ̀ wọn ni táwẹ̀lì aláwọ̀ ewé kan tó ti ṣá, tí wọ́n fi sínú férémù onígíláàsì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe kékeré.

Túndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì nínú gínì funfun rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ ìyàwó kì í dá dìde, bàbá ìyàwó ló máa ní kó dìde. Dádì wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, wọ́n ní, "Máa sinmi níbẹ̀ ná, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn."

Mo dìde. Ibẹ̀ ni mo ti bà á jẹ́.

Ẹ gbọ́, báwo ni wọ́n ṣe tọ́ ẹ̀yin dàgbà? Èmi o, wọ́n kọ́ mi pé a kì í sọ̀rọ̀ òfò níbi ayọ̀. Tí ọba bá kú, ṣé a máa ń sọ pé ó kú ni? A ó ní ó wàjà. Kí n wá dúró níwájú àna mi lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí n máa ní ẹ pàdánù, ẹ tún pàdánù, ẹ sì tún pàdánù? Ẹnu mi kọ̀ ọ́!

Ni mo bá ń pọ́n ọn lé. Mo ní lọ́dún Yìnyín, Òbúkọ bọ̀wọ̀ fún ojú ọjọ́. Bàbá Adó pariwo, "Àmín!" Mo ní lọ́dún Ṣòkòtò, kóòṣì wọn fi gbogbo ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, kò fi nǹkan kan pamọ́. "Àmín!" Mo ní lọ́dún Oorun, ẹni tó ga jù nínú wọn sinmi, àwọn yòókù sì fi ipò sílẹ̀ fún àlejò. Àwọn àǹtí mi ń pàtẹ́wọ́. Mo rí i pé ojú Dádì ń ṣú, mo rò pé ìtàn ló wọ̀ wọ́n lára. Àmín yẹn ti gùn mí! Nígbà tí mo dé Ọdún Bọ́ọ̀lù Há, mo na ọwọ́ sókè, mo ní bọ́ọ̀lù náà mì jìgìjìgì lórí irin, ó sì wọlé! Òbúkọ gba ife!

Bàbá Adó bẹ́ sórin ọpẹ́.

Dádì dìde dúró. "Kai! Ta ló gba ife?"

"Òbúkọ ni, sà."

"Lójú ta ni?" Wọ́n ní àwọn kò gba ife kankan, àwọn kò sì rán ẹnikẹ́ni kó bá àwọn gbà á. Wọ́n wọ yàrá lọ, a sì gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó yí nínú ihò rẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohùn kan wá láti ilẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé kí n dìde?"

Bàbá Adó fò sókè. Wọ́n ní èèwọ̀! Bàbá ìyàwó kò tíì ní kó dìde, tó bá dá dìde, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìyàwó yẹn. Bí Túndé ṣe dúró sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wá, wọ́n ń na àwo kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n mú iná lọ, fáànù kú, òógùn bo Túndé. Yẹmisí ń fi sìtírọ́ọ̀ fún un ní sóbò mu. Mai gàdì wọn wọlé wá kó ìgò, ó bá ọkùnrin gbọọrọ nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi Hausa kí i, ó ní "Sànnu." Túndé náà ní "Yauwa." Kí ló tún fẹ́ sọ?

Mọ́mì Yẹmisí fà mí lọ́wọ́ lọ sí kíṣìnì. Wọ́n ní, "Bùnmi, o mọ ibi tí mo ti pàdé ọkọ mi?"

Mo ní rárá, mà.

Wọ́n ní àwọn náà ń kàwé ní yunifásítì Òbúkọ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ Dádì rí. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù há, tí èrò ti lọ tán, àwọn rí ọmọkùnrin dúdú kan lórí àtẹ̀gùn, ó fi táwẹ̀lì bojú, ó ń sunkún, ó sì ń fi èdè Kàbà bá bọ́ọ̀lù náà wí. Àwọn jókòó tì í. Àwọn kò sọ nǹkan kan. "Ká ní wọ́n gba ife ni, á ti bá wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ jó. N kì bá tí rí i. Ife tí o fún un yẹn, ọmọ mi, èmi àti àwọn ọmọ mi lo fi ṣe pààrọ̀."

Háà! Ojú tì mí débi pé mo di síǹkì mú. Mo wá fẹ́ ìyàwó fún àbúrò mi, mo fi ẹnu ara mi pa ìyàwó náà rẹ́, òun àti ìyá rẹ̀!

Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún Yìnyín. Wọn ò dé ibẹ̀ bọ̀rọ̀. Wọ́n pàdánù."

Mo kan ilẹ̀kùn.

"Ọdún Ṣòkòtò. Gbogbo ayé rí ìdí kóòṣì. Wọ́n pàdánù."

Bàbá Adó ti tẹ̀ lé mi, wọ́n sì gbè é láti ẹ̀yìn mi, "Wọ́n pàdánù!" Kí n tó mọ̀, gbogbo ilé ti ń gbè é. Àwọn àǹtí mi, Yẹmisí, mai gàdì tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ohùn Túndé lábẹ́ gbogbo wọn. Mo bá ń kà á lọ, ọdún dé ọdún. Ibi tí mo bá ti fò, Dádì á ti inú yàrá tún un ṣe: "Agogo ló kọ́kọ́ kú lọ́dún yẹn!" Mo ní ẹ ṣé, sà, agogo kú, wọ́n sì pàdánù.

Mo dé Ọdún Bọ́ọ̀lù Há. Mo ní, "Bọ́ọ̀lù há. Kò wọlé. Wọ́n pàdánù. Èèyàn kan sì wá jókòó tì yín."

Kọ́kọ́rọ́ yí. Dádì jáde, ojú wọn pupa. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n sọ férémù yẹn kalẹ̀ lára ògiri, wọ́n yọ táwẹ̀lì inú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi nu òógùn ojú Túndé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn dunjú.

Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tí nǹkan ò bá rọgbọ, ṣé wàá lè jókòó ti ọmọ mi?"

Túndé ní, "Dádì, láti àárọ̀ ni mo ti dùbúlẹ̀ tì í."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Dádì gan-an rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi." Ẹ jẹ́ mọ̀ pé kò lè dìde! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Àwa la gbé e sórí àga bí àpò gààrí.

Bí oṣù kẹta ṣe wọlé, gbogbo wa kóra jọ sí pálọ̀ mi ní Lokogoma láti wo Òbúkọ nínú ìdíje kọ́nfáráǹsì wọn. Mo ti ṣe súyà sílẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí n pọ́n ọn lé ni? Wọ́n pàdánù. Mo sunkún nítorí òbúkọ tí n kò rí rí láyé mi! Dádì fi ọwọ́ bojú. Kò sẹ́ni tó rán Túndé níṣẹ́, ó kàn tiro dìde níbi tó wà, ó lọ jókòó ti bàbá ìyàwó rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́, Dádì yíjú sí mi, wọ́n ní Bùnmi, fi kún ìtàn o. Ọdún Tí Túndé Dọ̀bálẹ̀ ni ká máa pe eléyìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé, ẹ má ṣe bá èèyàn fi ọ̀rọ̀ dídùn nu ibi tó ti ṣubú nù. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló ti rí ẹni tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni àwọn àna yín ní kí ẹ ṣe kí wọ́n tó fún yín lọ́mọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Kí ẹ sì sọ fún mi, lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù tiyín há, ta ló wá jókòó tì yín?