Àjẹṣẹ́kù Ìyá Ọkọ Mi

Mò ń di irun ọmọ mi obìnrin, Ṣadé, láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí ìgò bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ lójú títì. Mo rò pé àwọn ọmọ ìta tún gbé ìṣe wọn dé ni. Ìró ìbọn ló jẹ́ kí n fi irun sílẹ̀ láìparí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ti Ṣadé àti àbúrò rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àdúgbò méjì ló ń bá ara wọn jà ní Pápá Àjàó, yàrá wa sì wà láàárín wọn. Ọjọ́ márùn-ún la kò fi lè jáde.

Ọkọ mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá rẹ̀, tó wá kí wa, ló wà lọ́dọ̀ wa. Oúnjẹ tó wà nílé kò ju gààrí àti ẹ̀pà díẹ̀ lọ. Mò ń bu agolo kan láàárọ̀, agolo kan nírọ̀lẹ́. Abọ́ kan ni ti àwọn ọmọ, abọ́ kan ni ti Ìyá, abọ́ kan ni tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò rí ìjà náà lè má mọ àṣà kí àgbà ṣẹ́ oúnjẹ kù fún ọmọdé mọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìyá kì í jẹ oúnjẹ wọn tán. Ṣíbí mẹ́ta ni wọ́n ń mu, wọ́n á sì ti abọ́ sẹ́yìn.

"Mo ti yó. Gbé e fún àwọn ọmọ."

Èmi ni mò ń gbé abọ́ náà. Aṣọ ìkélé kan ló bo ibi ìdáná wa. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo fẹ́ gbé e fún wọn lóòótọ́. Mo kàn tọ́ ọ wò ni. Kí n tó mọ̀, abọ́ ti ṣófo. Lọ́jọ́ kejì, n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ ọ wò. Mo dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ń gbé e mì láìjẹ lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá fẹ́ dìde, wọ́n sì ṣubú. Mo gbé orí wọn lé itan mi.

"Ìyàwó, ṣé àwọn ọmọ ń rí i jẹ?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́, mà."

"Ó dára. Ebi ò pa mí."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n tún ti abọ́ sẹ́yìn. Mo tún jẹ ẹ́.

Nígbà tí ìjà parí, gbogbo àdúgbò dákẹ́. Kò sí ẹ̀rọ kan tó ń dún ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó yí wa ká. Aládùúgbò wa, Àǹtí Bísí, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní Ìyá ti rù, àwọn ọmọ ti rù, àmọ́ ìjà ò rí nǹkan kan mú lára mi. Ó fẹ́ pa wá lẹ́rìn-ín ni. N kò rí ẹ̀rín rín.

Láti ìgbà náà ni n kò ti mọ bí yíyó ṣe ń rí. Ikùn mi á kún, á le, ọwọ́ mi á sì tún lọ sínú ìkòkò. Búrẹ́dì ń wù mí; gààrí gbígbẹ ló ń wù mí jù. Nọ́ọ̀sì kan ní Yábà sọ fún mi pé ìkánjú ni mo fi ń jẹun, pé oúnjẹ ti máa ń pọ̀ jù kí ara tó mọ̀ pé ó tó. Ó ní kí n máa rọra jẹ. Mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí bí oúnjẹ bá pẹ́ nínú abọ́. Mò ń sanra sí i. Àwọn ènìyàn á ní ara ń tù mí. Mo máa ń wolẹ̀ ni.

Ti Ìyá yàtọ̀. Ebi kì í pa wọ́n mọ́. Bí wọ́n bá jẹ òkèlè méjì, oúnjẹ á ti sú wọn. A jọ ń gbé ní Sùrùlérè báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣadé wá kí wa. Bí a ṣe ń jẹun, ó wo àwa méjèèjì.

"Màmá àgbà, ìkòkò kan náà lẹ jọ ń jẹ. Kí ló dé tí ẹ̀yin rù báyìí, tí màmá mi ń sanra?"

Ìyá ló dá a lóhùn.

"Ìgbà ìjà yẹn ni. Mò ń ṣẹ́ oúnjẹ mi kù fún ẹ̀yin ọmọ."

"Fún àwa? Mi ò rántí o."

"O ṣì kéré nígbà yẹn."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ṣadé nígbà ìjà náà. Ìyá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kò wo ojú mi.