Warith Ló Ni Ẹ̀rọ, Èmi Ni Mo Ni Ìyá

Warith ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fọkanáísà ni, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Jos. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Àpáta, ní Jos níbẹ̀, ògiri kan ló wà láàárín wa. Táyà ló ń lẹ̀ létí títì lọ́sàn-án. Tó bá délé, gìtá ló kù.

Mo ń jowú rẹ̀. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ó ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan tí wọ́n fi ń ká orin sílẹ̀, ní ọjà Terminus. Kásẹ́ẹ̀tì ló ń lò. Àwọn ará ilé fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Kai, Warith, ta ló tún ń lo kásẹ́ẹ̀tì?" Ẹ̀rọ náà ní ojú mẹ́rin. Wàá ká gìtá sójú kìíní, wàá dá kásẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀rẹ̀, wàá máa gbọ́ gìtá yẹn létí bí o ṣe ń ká ohùn sójú kejì. Ìkan ò ní pa ìkejì rẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo á di ẹgbẹ́ olórin.

Kò mọ̀ ọ́n lò níbẹ̀rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ ká, ariwo òjò lórí páànù ló gbé e mì. Ló bá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó ń fi òwú nu inú ẹ̀rọ bí ẹni ń nu ojú ọgbẹ́ ọmọ.

Lọ́jọ́ kan, Màámi ń ṣa ìrẹsì lẹ́yìnkùlé, ó ń kọrin. Warith yọjú, ó fi Hausa kí i kú iṣẹ́.

"Mama, sannu da aiki. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ mi."

"Èmi? Ṣé mo jọ olórin lójú ẹ ni?"

"Ẹ ju olórin lọ, wallahi."

Ó tẹ̀ lé e. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Warith gbé héèdìfóònù lé e lórí gèlè, kó lè máa gbọ́ gìtá tó ti ká sílẹ̀. Màámi ní, "Ṣé bàálù la fẹ́ wà ni?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Orin tó kọ, èyí tó fi máa ń rẹ̀ mí lẹ́kún ni. Màámi fúnra rẹ̀ ló ṣe é, orúkọ mi wà nínú rẹ̀. Bó ṣe parí, ó ní, "Ọmọ mi, o káre." Warith ló ń sọ fún. Mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kò pẹ́ sí i, àìsàn dá Màámi dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́.

Fóònù mi ní àwòrán rẹ̀. Kò ní ohùn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Warith ni ohùn Màámi wà. Mo lọ bá a.

"Fún mi ní ìyá mi."

Ó fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì náà. "Túndé, dúró, rédíò lásán ò ní..."

Mi ò dúró. Mo fi í sínú rédíò Màámi tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn ọkùnrin ló jáde. Ó nípọn, ó ń fà, bí ẹni tí oorun ń kùn. Orúkọ mi ló ń pè.

Mo já wọ yàrá Warith, mo di aṣọ rẹ̀ mú lọ́rùn. "O ti ba ìyá mi jẹ́!"

"Haba, Túndé! Eré tí ẹ̀rọ mi ń sá, ìlọ́po méjì ti rédíò ni. Rédíò yín ló ń wọ́sẹ̀. Kò sóhun tó ṣe Mama."

Ó fi í sínú ẹ̀rọ. Màámi dé. Ohùn rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ikọ́ tó máa ń wú kó tó bẹ̀rẹ̀ orin. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní òun lè kó o sórí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tí rédíò á sọ dáadáa. Mo lọ gbé rédíò Màámi wá, ó so wáyà mọ́ ọn láti ká orin náà sínú kásẹ́ẹ̀tì tuntun.

"Màámi nìkan," mo ní. "Mi ò fẹ́ gìtá ẹ."

"Tò." Ó fa gìtá wálẹ̀ pátápátá.

Màámi kọrin díẹ̀, ó dákẹ́. Ó pẹ́. Ó ní "Ẹ̀n-ẹ́n!" sí ohun tí mi ò gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó tún dákẹ́, ó ń dúró. Ó dà bí ẹni tó ń bá ẹni tí kò sí nílé sọ̀rọ̀. Mi ò lè máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

"Dá a dúró. Gbé gìtá yẹn sókè."

"Kó pọ̀ tó báwo?"

"Díẹ̀."

Ó gbé e. "Ṣé ó tó?"

"Ó ti pọ̀ jù. Fà á wálẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fà á. A bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Orin náà dùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Màámi sọ pé "Ọmọ mi, o káre," èmi fúnra mi tẹ bọ́tìnì, mo dá a dúró.

Gbólóhùn yẹn lè wà lọ́dọ̀ Warith.